Ilé iṣẹ́ gàrí kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó: ṣé tọ́ọ̀nù mẹ́ta lójúmọ́ ṣeé ṣe?

Àwọn mẹ́ta kan da owó pọ̀, wọ́n fẹ́ dá ilé iṣẹ́ gàrí Ìjẹ̀bú sílẹ̀ lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Ètò wọn wà lórí ìwé: pákí tọ́ọ̀nù 3 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ẹ̀rọ ìlọ kan tó lè lọ tọ́ọ̀nù 1 ní wákàtí kan, ẹ̀rọ ìbópákí kan, jáàkì ìfúngàrí kan, agbada mẹ́rin, pèpéle tó gba 60 àpò, kànga kan, oko éékà 10 tó jẹ́ tiwọn. Ilẹ̀ ti wà nílẹ̀, wọ́n sì ti fẹ́ san owó àkọ́kọ́ lórí ẹ̀rọ. Kí wọ́n tó san án ni wọ́n ní kí a bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iṣẹ́ náà á ṣeé ṣe.

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yẹn, kò lè ṣeé ṣe. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ṣeé ṣe, ó sì lè dúró dáadáa. Agbára ẹ̀rọ ìlọ ni wọ́n fi díwọ̀n gbogbo ilé iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú iṣẹ́ gàrí, lílọ ló yá jù. Ọwọ́ tó ń bó, àpò tó ń kan lórí pèpéle, àti agbada lórí iná ló ń sọ iye gàrí tí yóò jáde. Ibi tó há jù nínú àwọn mẹ́ta yìí ni ìwọ̀n ilé iṣẹ́ náà, ohun yòówù kí ẹ̀rọ lè ṣe.

Ìdánwò la fi bẹ̀rẹ̀. Kílò 200 pákí la gbà ṣe ní ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí lágbègbè náà, a sì gbé e sórí òṣùwọ̀n ní gbogbo ìpele. Èèpo kó kílò 50 lọ, ó ku 150. Lẹ́yìn tó kan tán tí wọ́n sì fún un, ó ku 90. Ajọ̀ kọ kílò 9, ìyẹn fọ́nrán àti kókó tí kò ṣeé fọ́, ó ku 81. Lẹ́yìn agbada àti ajọ̀ kejì, kílò 45 ni gàrí tó jáde. Ìdá 22 àbọ̀ nínú 100 nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun ń rí ìdá 30 ń yan gàrí tí kò gbẹ, tàbí kí ó jẹ́ pé pákí tó ti bó tán ló ń wọ̀n. Lórí ìwé tiwọn, ìdá 30 ni wọ́n kọ, èyí tó sọ pé tọ́ọ̀nù 3 á di kílò 900. Kílò 675 ló máa dà.

Ìṣirò kan náà ló fi hàn pé wọn ò ṣìnà lórí ibi tí wọ́n mú. Wọ́n ti kọ́kọ́ ro ẹ̀bá Ṣágámù nítorí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹrù tó jẹ́ tọ́ọ̀nù 1 nígbà tó kúrò lóko kì í tó ìdá mẹ́rin rẹ̀ mọ́ tó bá di gàrí. Ibi tí pákí wà ni kí ilé iṣẹ́ wà, kí ó jẹ́ gàrí ni wọn yóò máa gbé rìn. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Rẹ́mọ, níbi tí Ṣágámù wà, ń gba òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́, ìyá tí ì bá wá bó pákí lè rí iṣẹ́ mìíràn ṣe níbẹ̀. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó, gàrí lè gba Ìjẹ̀bú-Òde já sí Ẹ̀pẹ́, kó sì wọ Èkó.

Pákí

Pákí tí àgbẹ̀ kékeré gbìn láìfi ajílẹ̀ sí i ń mú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 10 wá lórí hẹ́kítà kan, ìyẹn tọ́ọ̀nù 4 lórí éékà kan. Éékà 10 tí wọ́n ní á mú 40 wá lọ́dún. Ilé iṣẹ́ tó ń jẹ tọ́ọ̀nù 3 lójúmọ́ á gbé e mì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 13, oko náà á sì di ahoro títí ọdún mìíràn. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 48 lọ́dún ní ìwọ̀n yẹn, wọ́n nílò éékà tó lé ní 200. Kò sí ibì kan nínú ìwé wọn tí wọ́n ti sọ ẹni tó ni éékà tó lé ní 190 tó kù.

Wọ́n dáhùn pé àwọn á máa ra pákí lọ́jà. A kò lè fi ọ̀rọ̀ yẹn gbé ilé iṣẹ́ ró, nítorí pákí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí wọ́n bá ti wú u, ìlà tó dúdú bí aró á ti máa sá kiri inú rẹ̀, pàápàá èyí tó ṣẹ́ tàbí tí ọkọ́ ṣá lára. Gàrí tó bá ti ara rẹ̀ jáde á pọ́n, á sì ní òórùn. Inú ilẹ̀ nìkan ni àká pákí. Nítorí náà, àdéhùn pẹ̀lú àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ oko tí wọn yóò wú, ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò wú u, àti ẹni tí yóò wú u. Àdéhùn tó bá sọ iye owó nìkan kò tíì sọ nǹkan kan.

Ìgbà pẹ̀lú ní tirẹ̀. Láti Oṣù Kejìlá dé Oṣù Kejì, ilẹ̀ máa ń le, pákí máa ń ṣẹ́ sínú ilẹ̀, wíwú rẹ̀ á gba ènìyàn púpọ̀ sí i, owó rẹ̀ á sì gòkè. Nígbà tí òjò bá mú ilẹ̀ ní Oṣù Kẹfà àti Keje, wíwú rẹ̀ rọrùn, àmọ́ ọkọ̀ ńlá kò ní lè wọ oko. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà kún ni ìbẹ̀rẹ̀ òjò: pákí á fa stáàṣì inú rẹ̀ padà láti fi hu ewé tuntun, yóò tóbi lójú, yóò sì wúwo lọ́wọ́, ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà láti mọ èyí lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó sanwó. Kí wọ́n fọ pákí kílò 5 kí erùpẹ̀ má kù lára rẹ̀, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n tó ní ìkọ́ gbé e, kí ó pé kílò 5 géérégé. Kí wọ́n wá rì í sínú àgbá omi láìgbé e kúrò lára ìkọ́, kí gbogbo rẹ̀ bọ́ sábẹ́ omi láìkan ìdí àgbá, kí wọ́n sì ka òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá ka gíráàmù 500 nínú omi, ohun gbígbẹ inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 34 nínú 100. Gíráàmù 450 jẹ́ 32. Gíráàmù 550 jẹ́ 36. Ìdá méjì tó lọ yẹn ń gbé kílò gàrí 13 lọ nínú tọ́ọ̀nù 1 pákí. Pákí ìdánwò wa ka 500. Òṣùwọ̀n kan àti àgbá kan ló gbà, ó sì yẹ kí owó tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ tẹ̀ lé e: ẹni tí tirẹ̀ bá ka 550 kí ó gba owó jù ẹni tí tirẹ̀ ka 450 lọ. Àgbẹ̀ tó bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sanwó á dúró kí pákí rẹ̀ gbó.

Ní ti irú tí wọn yóò gbìn, TME 419 àti TMS 30572 ni a dábàá. Àwọn àgbẹ̀ mọ̀ wọ́n, igi wọn sì wà káàkiri. Kí wọ́n má gbin èyí tí inú rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè fún iṣẹ́ yìí. Ó dára fún ara, àmọ́ funfun ni ẹni tó ń ra gàrí Ìjẹ̀bú ń retí.

Bíbó

Ibí yìí ni ètò wọn ti kọ́kọ́ fọ́. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí ọ̀bẹ rẹ̀ mú, ń bó nǹkan bíi kílò 25 ní wákàtí kan. Ó lè yára jù bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di wákàtí kẹrin ọwọ́ á ti wálẹ̀. Tọ́ọ̀nù 3 jẹ́ wákàtí ọwọ́ 120. Bí ẹnìkọ̀ọ̀kan bá bó fún wákàtí mẹ́fà, wọ́n nílò ogún obìnrin lójoojúmọ́. Mẹ́fà ni wọ́n kọ.

Ẹ̀rọ ìbópákí ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. A ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá. Pákí kò ní ìrísí kan náà: òmíràn tẹ̀, òmíràn ní ọrùn gígùn, òmíràn tóbi nídìí tó sì tín-ín-rín lórí. Ẹ̀rọ tó bá yípo títí tó fi bó ibi tó kòtò á ti gbá ara pákí lọ níbi tó yọ. Tí wọ́n bá sì dá a dúró kíákíá, èèpo á kù lára rẹ̀, ẹni tí yóò fi ọ̀bẹ tún un ṣe á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Èèpo tó bá wọ inú gàrí á yọ bí àmì dúdú, aláràtà Ìjẹ̀bú-Òde á sì ti rí i kó tó bu ẹ̀kúnwọ́.

Lílọ

Lílọ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Páànù aláìdípẹtà ni kí wọ́n fi ṣe ìlù ẹ̀rọ, ìyẹn irin oníhò tó ń yípo lọ pákí, àti ibi tí ìyẹ̀fun tútù ń gbà jáde, torí omi pákí kan, ó sì ń jẹ irin lásán. Ìpẹtà yẹn ló ń sọ gàrí di eléérú. Ihò ìlù máa ń kú. Tí ó bá ti kú, kókó á pọ̀ nínú ohun tí wọ́n lọ, ajọ̀ á máa kọ ọ́, èrè á sì máa gba ojú ajọ̀ lọ. Kí ìlù kejì máa wà nílẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ fa iná ìjọba oní wáyà mẹ́ta wá torí ẹ̀rọ yìí nìkan. Fún tọ́ọ̀nù 1 pákí lójúmọ́, iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò ju wákàtí kan lọ. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kékeré tàbí ti dísẹ́ẹ̀lì á ṣe é láìdúró de iná.

Kíkan

Ohun tó ń jẹ́ kó jẹ́ gàrí Ìjẹ̀bú ni kíkan rẹ̀. Gàrí tí wọ́n lọ lónìí tí wọ́n yan lọ́la kò lè jẹ́ orúkọ yẹn, bó ti wù kó funfun tó. Kíkan yìí ní iṣẹ́ mìíràn tí kò hàn sójú. Oró sáyánáìdì wà nínú pákí, ó so mọ́ ṣúgà. Nígbà tí wọ́n bá lọ pákí, ohun kan tó wà nínú pákí fúnra rẹ̀ á pàdé oró náà, á sì tú u sílẹ̀. Díẹ̀ á bá omi ìfún lọ, ìyókù á bá ooru agbada lọ. Ó nílò àkókò, lílọ náà sì gbọ́dọ̀ kúnná. Ìlànà Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé, fún gàrí ní kí sáyánáìdì inú rẹ̀ má ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò kan. Ilé iṣẹ́ tó bá ń dín ọjọ́ kíkan kù kí owó lè tètè wọlé ń fi ara àwọn ènìyàn ṣeré.

A fi ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin àti márùn-ún dán an wò, a sì gbé e fún àwọn tó ń tà á. Ọjọ́ mẹ́ta kò kan tó lẹ́nu wọn. Mẹ́rin àti márùn-ún ni wọ́n gbà, àwọn tó ń kó lọ Èkó sì fẹ́ràn mẹ́rin jù. Lórí èyí la ti ṣe ìṣirò pèpéle.

Àpò kan gba kílò 50 pákí lílọ. Tọ́ọ̀nù 3 pákí tí èèpo ti kúrò lára rẹ̀ jẹ́ kílò 2,250, ìyẹn àpò 45 lójúmọ́. Lọ́jọ́ mẹ́rin, ó kéré tán àpò 180 ni yóò wà lórí pèpéle lẹ́ẹ̀kan náà. Àpò 60 ni pèpéle tí wọ́n yà gbà. Tí wọ́n bá to àpò léra ju méjì lọ, ti ìsàlẹ̀ á fún jáde, ti òkè á sì gbóná nínú. Méjèèjì kò ní kan bákan náà, gàrí ọjọ́ kan ṣoṣo á sì ní ìtọ́wò méjì.

Ìṣòro mìíràn wà tí ìwé wọn kò ronú kàn rárá, ìyẹn Ọjọ́ Àìkú. Pákí kì í mọ̀ pé wọ́n lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tí wọ́n bá lọ ní Ọjọ́rú á pé ọjọ́ mẹ́rin ní Ọjọ́ Àìkú. Tí wọ́n bá fi sílẹ̀ di Ọjọ́ Ajé, yóò ti lé ní ọjọ́ kan, yóò sì bá ti Ọjọ́bọ̀ pàdé, iṣẹ́ ọjọ́ méjì á wá ṣù jọ sórí agbada kan náà. Ọ̀nà àbáyọ kò gba owó: kí wọ́n má ṣe lọ pákí ní Ọjọ́rú. Ti Ọjọ́ Ajé á bọ́ sí Ẹtì, ti Ìṣẹ́gun sí Àbámẹ́ta, ti Ọjọ́bọ̀ sí Ajé, ti Ẹtì sí Ìṣẹ́gun, ti Àbámẹ́ta sí Ọjọ́rú. Ìlọ márùn-ún àti yíyan márùn-ún lọ́sẹ̀. Ọjọ́rú tí ẹ̀rọ ìlọ sinmi ni wọ́n á fi pààrọ̀ ìlù, tí wọ́n á fi fọ gbogbo ojú ẹ̀rọ, tí wọ́n á sì fi lọ wo oko tí wọ́n máa wú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́bọ̀ tí agbada sinmi ni wọ́n á fi kó eérú, tí wọ́n á fi rẹ́ ààrò tó bá là.

Tí wọ́n bá ṣe é báyìí pẹ̀lú tọ́ọ̀nù 1 lójúmọ́, àpò 15 ni lílọ ọjọ́ kan, ìlọ tó máa pàdé lórí pèpéle lọ́jọ́ tó bá kún jù kò sì ní ju mẹ́rin lọ. Àpò 60 nìyẹn, tó bá pọ̀ jù. Pèpéle tí wọ́n ti yà á gbà á láìfi bíríkì kan kún un. Ìdí pàtàkì kan nìyí tí a fi dúró lórí tọ́ọ̀nù 1.

Fífún

Jáàkì kan kò tó. Férémù kan, ìyẹn irin tí wọ́n ń to àpò sí lábẹ́ jáàkì, gba àpò 8. Fún àpò 15, férémù méjì ni. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú yíyan, kí ọlọ́dẹ alẹ́ máa fi ọ̀pá fà á le díẹ̀díẹ̀, kó tó di òwúrọ̀ omi á ti jáde. Ẹni tó bá fà á le lẹ́ẹ̀kan náà á bẹ́ àpò, stáàṣì á sì bá omi lọ.

Bí wọ́n ṣe fún un tó ló ń sọ iye igi ìdáná tí wọn yóò jó. Bí omi tó kù nínú rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 48 nínú 100, kílò gàrí kan gbọ́dọ̀ gbé nǹkan bíi kílò omi 0.73 sọnù lórí agbada. Bí ó bá jẹ́ ìdá 55, kílò 1 ni. Igi àti àkókò tó lé ní ìdá mẹ́ta lórí èkínní nìyẹn, gàrí náà á sì dì ní kókókó. Tó bá tún gbẹ jù ṣáájú agbada, kò ní sè tó, yóò di ìyẹ̀fun, kò sì ní wú nínú omi. Àwọn ìyá tó ń yan gàrí kì í wọ̀n ọn. Wọ́n á bù ú, wọ́n á dì í mọ́ ọwọ́, wọ́n á sì là á. Ó gbọ́dọ̀ là sí méjì láìfi omi sílẹ̀ lójú ọwọ́, kí ó sì fọ́ bí wọ́n bá fi ìka kan án. Ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Agbada

Iye agbada ni ohun tó há jù nínú gbogbo ètò yìí, òun ni kò sì gba ju ìlà kan lọ nínú ìwé wọn.

Obìnrin kan lórí agbada kan ń yan nǹkan bíi kílò 8 gàrí gbígbẹ ní wákàtí kan. Bí ó ṣe ń lọ nìyí. Á bu èyí tó ti jọ̀ tán díẹ̀ sórí agbada tó ti gbóná, á fi igbá tẹ̀ ẹ́, á sì máa fà á síwá sẹ́yìn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́, ooru funfun á bo ojú rẹ̀. Àkókò yìí ni gàrí ń sè, iná gbọ́dọ̀ mú, ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á lẹ̀ mọ́ ìdí. Nígbà tí ooru bá fúyẹ́, tí ìró rẹ̀ lábẹ́ igbá bá yí padà, tó ń dún ṣàṣà bí yanrìn gbígbẹ, á fa igi sẹ́yìn kí iná rọlẹ̀, á sì máa gbẹ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù. Ẹni tí wọ́n bá ń lé pé kó yára á fi iná ńlá gbẹ ẹ́: ara rẹ̀ á pọ́n, inú hóró á sì tutù. Gàrí bẹ́ẹ̀ á bu nínú àpò kó tó pé oṣù kan. Omi inú gàrí kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú 100 lọ, bí Codex ṣe wí. Ìdá 10 sí ìsàlẹ̀ ni kí gàrí Ìjẹ̀bú máa wà. Iṣẹ́ sùúrù yìí kò ní ọ̀nà ẹ̀yìn.

Agbada mẹ́rin, wákàtí mẹ́fà, kílò 8: gàrí 192 lójúmọ́. Pákí kílò 850 péré ni agbada mẹ́rin lè gbé. Tọ́ọ̀nù méjì àti díẹ̀ tó kù nínú mẹ́ta wọn á máa kan lórí pèpéle láti ọjọ́ dé ọjọ́ títí tí yóò fi jẹrà. Fún tọ́ọ̀nù 3, agbada 14 ni wọ́n nílò, àti ènìyàn 14 tó mọ̀ ọ́n yan. Fún tọ́ọ̀nù 1, gàrí 225, agbada márùn-ún ni, kí ẹ̀kẹfà wà fún ìgbà tí ọ̀kan bá là.

Ẹnu ààrò gbọ́dọ̀ wà ní ìta ògiri. Kí ẹni tó ń kiná wà níta, kí ẹni tó ń yan wà nínú, kí òpó èéfín yọ kọjá òrùlé. Nínú àwòrán wọn, èéfín àti ènìyàn ló jọ wà nínú yàrá kan. A kò lè fọwọ́ sí i, torí ojú àti àyà àwọn ìyá yìí ni wọ́n fi ń san án.

Omi àti ohun tí wọ́n máa dànù

Wọ́n kọ kànga kan, wọn ò sọ irú rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè wà lórí àpáta. Kò dà bí ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde tí yanrìn gbà. Lórí àpáta, inú ojú ìlà tí àpáta bá ti là ni omi wà. Ẹni méjì lè gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ tí kò jìnnà síra wọn, kí ọ̀kan rí omi, kí èkejì má rí. Kí wọ́n pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wo ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Kí wọ́n sì díwọ̀n rẹ̀ ní Oṣù Kejì, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ, torí kànga tó ń ṣàn ní Oṣù Keje kò tíì jẹ́rìí sí nǹkan kan. Àgbá lítà 200 tó bá kún ní ìṣẹ́jú 8 jẹ́ lítà 1,500 ní wákàtí kan, tí kò sì dínkù lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Ìyẹn tó fún fífọ pákí tọ́ọ̀nù 1, fún fífọ ilẹ̀ àti fún ọwọ́ òṣìṣẹ́.

Omi ìfún ńkọ́? Tọ́ọ̀nù 1 pákí á sun nǹkan bíi lítà 300 jáde lórí pèpéle àti lábẹ́ jáàkì. Oró wà nínú rẹ̀, ó sì kan. Ibi tó bá ń ṣàn sí lójoojúmọ́, koríko kì í hù níbẹ̀. Tó bá wọ odò, ẹja á kú. Nínú àwòrán wọn, ojú ọ̀gbàrá ni wọ́n darí rẹ̀ sí, ọ̀gbàrá náà sì lọ sí odò tí àwọn ará abúlé ìsàlẹ̀ ń pọn. A ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò alápá méjì, kí èkínní máa gba stáàṣì tó bá sílẹ̀, kí èkejì máa fa omi, kó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ sí kànga, kó sì jìnnà sí i tó mítà 30 ó kéré tán. Èèpo kílò 250 lójúmọ́ ni kí wọ́n sá sórí kọnkéré kó gbẹ kí wọ́n tó tà á fún àwọn tó ń sin ewúrẹ́. Èèpo tútù púpọ̀ lè pa ẹran.

Àwọn ènìyàn àti kàlẹ́ńdà

Obìnrin méje fún bíbó, márùn-ún fún agbada, méjì fún ajọ̀, ọkùnrin méjì fún ìlọ, jáàkì àti igi, ọlọ́dẹ kan, àti ẹnì kan tó ń kọ gbogbo ohun tí òṣùwọ̀n bá kà sílẹ̀. Iye kílò ni kí wọ́n máa fi sanwó fún àwọn tó ń bó. Ní ti àwọn tó ń yan, owó ojúmọ́ ni, torí ẹni tí wọ́n bá ń fi kílò sanwó fún á mú iná le.

Àwọn obìnrin yìí ní oko tiwọn. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọdún ìlú. Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló ń rọ́ lọ. Ní àkókò Agẹmọ, obìnrin kò gbọdọ̀ wà lójú ọ̀nà tí Agẹmọ ń gbà, nínú ilé iṣẹ́ tí obìnrin sì pọ̀ jù, ìyẹn jẹ́ ọjọ́ tí agbada kò ní gbóná. Ohun tó ń ba gàrí jẹ́ lọ́dún ni pé wọ́n á pa iṣẹ́ tì lọ́jọ́ ọdún, wọ́n á sì ti gbàgbé àpò tí wọ́n kó sórí pèpéle lọ́jọ́ mẹ́rin ṣáájú. Kí wọ́n dá ìlọ dúró ní ọjọ́ mẹ́rin kí ọdún tó pé, kí wọ́n yan èyí tó wà nílẹ̀ tán.

Fún NAFDAC, àwòrán ilé gbọ́dọ̀ yí padà: ẹnu ọ̀nà tí pákí ẹlẹ́rùpẹ̀ ń gbà wọlé kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí gàrí ń gbà jáde, yàrá ìkẹ́rù gbọ́dọ̀ ní pákó nílẹ̀ kí àpò má kan símẹ́ǹtì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń yan. Àyẹ̀wò ara òṣìṣẹ́ àti àyẹ̀wò omi wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ó rọrùn láti ṣe é nígbà tí ògiri kò tíì dúró.

Ohun tí a fọwọ́ sí

Tọ́ọ̀nù 1 lójúmọ́, ọjọ́ ìlọ márùn-ún lọ́sẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 240 lọ́dún àti éékà 60. Mẹ́wàá jẹ́ tiwọn, kí àdéhùn àádọ́ta tó kù wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ bí ogún tí oko wọn kò jìnnà, tí wọ́n gbin pákí wọn ní àkókò tó yàtọ̀ síra láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò dé Oṣù Kẹwàá. Píkọ́ọ̀pù kan tó ń gbé tọ́ọ̀nù 1 tó lójúmọ́, ó sì ń wọ ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀ nígbà òjò. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ ìbópákí àti wáyà mẹ́ta ni kí wọ́n fi ṣe kànga, kòtò omi, férémù kejì àti ààrò olópòó.

Wọ́n béèrè ìgbà tí wọ́n lè gòkè sí tọ́ọ̀nù 2. Ìgbà tí agbada mẹ́wàá bá ti ní ẹni mẹ́wàá tó ń wá láìyẹ̀, tí àdéhùn oko éékà 120 bá sì ti wà ní ìkọ̀wé. Bí ọ̀kan bá wà tí èkejì kò sí, kí wọ́n dúró.

Bí wọn yóò ṣe náwó tẹ̀ lé ara wọn báyìí: àdéhùn oko, lẹ́yìn náà kànga, tí wọ́n á díwọ̀n ní Oṣù Kejì, tí omi kò bá tó lítà 1,000 ní wákàtí kan nígbà náà, kí wọ́n wá ilẹ̀ mìíràn kí wọ́n tó fi bíríkì kan lélẹ̀. Lẹ́yìn kànga ni ààrò àti pèpéle, lẹ́yìn wọn jáàkì. Ẹ̀rọ ìlọ ni kí wọ́n rà kẹ́yìn.